Àwáwù Méjì, Ìsọ̀ Kan

                                        Agbo Ilé Oníkànga,
                                        Ìsẹ́yìn,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Wùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa ni o wà? Akínkúnlé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Ayọ̀tọ́lá ńkọ́, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, tí wọ́n ní ó ti ga jù ọ́ lọ báyìí? Òtútù ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ń bọ́ lọ́dọ̀ yín. Ní tiwa, ooru ló ń bá wa jà. Ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, òòrùn ti gba ipò, bí a bá da omi sílẹ̀, kí a tó yíjú padà, ilẹ̀ ti mu ún. Jímọ̀ ọkọ mi wà, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le. Ẹsẹ̀ Ràmọ́nì ọmọ mi, tó ṣẹ́ nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, ti jinná. Ó ti padà sídìí òfì, ó ń hunṣọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Àwáwù fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, o sì mọ̀ pé bí mo bá ń fi fóònù sọ̀rọ̀, owó inú rẹ̀ máa ń tán kí n tó dé ibi tó dùn. Débọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ni mo bá ní kó bá mi mú un dání, pẹ̀lú irú gbígbẹ tí mo dì sínú ọ̀rá mẹ́rin kí òórùn rẹ̀ má baà ṣáájú Débọ́lá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá ní wọ́n gba irú náà lọ́wọ́ òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú, má gbà á gbọ́. Òun ló sè é jẹ.

Mo ka lẹ́tà tí o fi rán ènìyàn sí mi nígbà Kérésì. Ìsọ̀ ni mo ti kà á, mo sì kà á tán, inú bí mi dé ibi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. O ní odidi ọdún mẹ́ta tí o ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ yín, kò sí òyìnbó kan tó tíì gbìyànjú láti pe Wùnmí, Wíní ni gbogbo wọn ń pè ọ́. O ní màmá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí kì í gbà kí ọwọ́ dúdú bu tíì fún òun, àfi kí wọ́n lọ pe ẹlòmíràn wá. Wíní! Orúkọ tí kò tilẹ̀ bá ológbò mu! Wùnmí, mo ṣépè fún wọn. Mo jókòó sídìí òwú tí mò ń tà, mò ń ṣépè fún àwọn tí n kò fojú rí rí. Mo ní irú ènìyàn wo ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́ta tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀? Mùtíátù ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bá mi ṣe àmín. Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa ń kọjá lọ lásìkò náà, ó dúró, ó bi mí pé ta ló bí mi nínú. Mo ní, 'Fúlàní, gbé wàrà mẹ́rin sílẹ̀, kí o máa lọ.' Jọ̀wọ́, fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà débẹ̀.

O mọ ọjà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí ìyá mi ti ń tajà nínú òòrùn kí wọ́n tó bí mi. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa ti kọ́ òrùlé páánù sí apá kan rẹ̀. Ìsọ̀ ogún péré ló wà lábẹ́ páánù náà, àwa ọlọ́jà sì lé ní ogójì, ni wọ́n bá ní gègé ni a ó ṣẹ́. Tíṣà Ládòkun tó fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kọ orúkọ gbogbo wa sórí bébà pélébé pélébé, ó ká wọn sínú abọ́, Ìyá Muhydeen ìyálọ́jà wa sì ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. O mọ̀ pé òòrùn ni ọ̀tá òwú. Pupa tí mo bá gbé síta, bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ṣì, àwọn ahunṣọ kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Wọ́n ka méjìlá, n kò gbọ́ tèmi. Nígbà tó kan ìsọ̀ kẹtàlá, Tíṣà gbé bébà súnmọ́ ojú, ó ní, 'Àwáwù!' Mo fò sókè. Gèlè mi já sílẹ̀, n kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo jó dé iwájú Ìyá Muhydeen, mo kúnlẹ̀, mo tún jó padà. Nínú ijó yìí ni mo rí Fúlàní náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, igbá wàrà lórí rẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì dúró. Mo rò pé ó fẹ́ wá bá mi yọ̀ ni. Mo ní, 'Fúlàní, bá mi dúpẹ́!' Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kó tù mí lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, òwú mi ti wà lára ògiri ìsọ̀ kẹtàlá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ̀gbádùn. Àfi ìgbà tí Tíṣà gbé ìwé ńlá ẹgbẹ́ wá pé kí olúkúlùkù buwọ́ lu ìsọ̀ tirẹ̀. Mo fi ìka wá orúkọ mi. Ìsọ̀ kẹtàlá: Àwáwù, wàrà. Mo ní, Tíṣà, ẹ ti ṣì í kọ, òwú ni mò ń tà. Tíṣà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ṣí ewé kejì, níbi tó kọ àwọn tí kò rí ìsọ̀ gbà sí. Èmi rèé níbẹ̀ gbọnrangandan: Àwáwù, òwú.

Mo bi í pé ta wá ni Àwáwù, wàrà. Ó ní Fúlàní tó ń ta wàrà ni. Ó ní nígbà tí òun bi í léèrè orúkọ, ó ní Hawwa ni òun ń jẹ́, òun sì kọ ọ́ bí àwa ṣe ń pè é níbí. Lọ́jọ́ gègé, orúkọ nìkan ni òun kà lórí bébà, òun kò ka wàrà tí òun kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun kò rántí pé Àwáwù méjì ló wà. Ó wò yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bèèrè? Ó na bírò sí mi. N kò ní purọ́ fún ọ, mo gba bírò náà. Mo tilẹ̀ gbé e lé orí ìwé. Ìgbà tó yá, mo ní kò yọ tàdáwà, kí ó padà wá lọ́la.

Bí mo ṣe délé, mo sọ fún Jímọ̀. Ó ní kí n lọ buwọ́ lù ú kíákíá. Ìwọ náà rántí pé màlúù wọ oko rẹ̀ lésìí, wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dé orí ebè tó kẹ́yìn, a kò sì mọ ẹni tó ni wọ́n títí dòní. Láti ìgbà náà, bí Jímọ̀ bá ti gbọ́ Fúlàní, ojú oko náà ló ń rí. N kò bá a jiyàn, èmi náà sunkún oko yẹn. Mo kàn bi í pé màlúù mélòó ni oníwàrà yìí ní. Jímọ̀ kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ iye ọmọ tó bí, n kò mọ ibi tó ti ń wá láàárọ̀, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ tó jẹ́ orúkọ tèmi gan-an. Òun ńkọ́? Ìyá Ràmọ́nì ló ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí ọmọ mi fi wà nílẹ̀, òun ló ń bi mí láràárọ̀ pé ṣé ẹsẹ̀ ti ń gbé e nílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ wà nínú àpò òwú. Mo fà á yọ, mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi Wíní, ojú tì mí. Wùnmí, ojú tì mí gan-an. Gbogbo èpè tí mo fi ránṣẹ́ sókè òkun, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ṣẹ́rí padà, tí wọ́n ń bèèrè ọ̀nà ilé mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a. Ẹ̀bá gọ́tà ló ń jókòó sí, níbi tí àwa tó rí ìsọ̀ ń da omi ìdọ̀tí sí. Ó ti rẹ ìborùn ara rẹ̀ sínú omi, ó fi bo igbá, òun fúnra rẹ̀ wá wà nínú òòrùn pẹ̀lú orí lásán. Wàrà kò fẹ́ ooru, bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, ó ti ń kan nìyẹn. Mo rí èyí tó ti dà nù sílẹ̀. Àwẹ̀ sì ti dé tán, ìgbà tí gbogbo ilé máa ń wá wàrà tí wọn yóò fi ṣínu, ìgbà tí gbogbo wàhálà ọdún rẹ̀ yẹ kó so èso.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo la ẹnu kí n kí i, n kò rí nǹkan kan sọ. Ìwọ náà mọ̀ wá, kò sí iṣẹ́ tí a kì í kí. Bí a bá kọjá lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, a ó ní àrọ̀yè o. Aláró, àrẹdú o. Àgbẹ̀, àroko bọ́dún dé. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tó fún wàrà lọ́mú màlúù, tó sè é, tó sì fi ẹsẹ̀ rù ú wọ ìlú, kí ni a ń kí i? O lè ní ẹ kú ọjà ti tó. Ẹ kú ọjà, ti gbogbo ayé ni. Àwọn baba wa tí wọn kò gbàgbé onídìrí, bí wọ́n bá fi ìkíni kan sílẹ̀ fún oníwàrà, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, òun tó fẹ́ràn wàrà ju ẹran lọ.

Nígbà tí n kò rí ìkíni, mo pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, 'Àwáwù.'

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó ń wá ẹni tí mò ń pè.

Mo ní òun ni. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìsọ̀ kẹtàlá. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ̀rọ̀? Ó tún ìborùn orí igbá ṣe, ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó já gaara ju tèmi lọ dá mi lóhùn: 'Ìyá Ràmọ́nì, bí mo bá ní èmi ni Àwáwù, ta ni ó gbà á gbọ́? Fúlàní lorúkọ mi lọ́jà yìí.'

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó bá fi ìbínú sọ ọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan fi jà. Omi bọ́ lójú mi, òun náà ló tún ń bẹ̀ mí pé ó tó. Ni mo bá gbé igbá rẹ̀ rù, mo mú un lọ́wọ́, ó di iwájú Ìyá Muhydeen. Omi wàrà ń ro sí mi lọ́rùn lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń bi mí pé ìgbà wo ni mo di oníwàrà.

Mo rojọ́ náà bó ṣe rí. Tíṣà bọ́ awò ojú, ó ń nù ú ṣáá. Mùtíátù ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní àlejò kò lè wà lábẹ́ páánù kí ọmọ onílùú wà nínú òòrùn, pàápàá àlejò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń da màlúù sínú oko. Àwọn kan ní òótọ́ ni. Ìyá Muhydeen kò bínú. Ó bi Mùtíátù pé níbo ni wọ́n ti bí i. Mùtíátù ní Ìlúà. Ó yíjú sí Àwáwù, òun náà ní gáà Fúlàní tó wà lẹ́bàá Ògbooro ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí ìyá òun. Màmá ìyálọ́jà ní, 'Èmi, Ìgbòho ni wọ́n ti gbé mi wálé ọkọ, àádọ́ta ọdún rèé. Bí ẹ bá ní kí àlejò bọ́ sóòrùn, ẹ bá mi gbé àga mi, ká jọ máa lọ.' Ẹ̀rín pa wá. Ó pa Mùtíátù pàápàá, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ màlúù kò tíì tán. Màmá gbà pé kò tíì tán. Ó ní ẹni tó ni màlúù ni kí a bá ṣẹjọ́ màlúù. Orúkọ ẹni tí gègé mú ni kó gba ìsọ̀ rẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú mi kúrò lára ògiri. Má rò pé mo ti di ẹni mímọ́ o. Ó dùn mí. Bí mo ṣe ń ká pupa, bẹ́ẹ̀ ni mò ń yọjú wo òòrùn níta. Àwáwù sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó wá ní, 'Ìyá Ràmọ́nì, wàrà kì í gun ògiri. Ilẹ̀ nìkan tó mi. Ẹ dá òwú yín padà sókè.'

Bí a ṣe di méjì nínú ìsọ̀ kan nìyẹn, òwú lókè, wàrà nísàlẹ̀. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe Àwáwù, àwa méjèèjì ni a ń dáhùn. Adégbénró ahunṣọ sì ti gbé òwú padà wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní aṣọ tí òun fi í hun fún ọkọ ìyàwó kan, ológbò ló ń tẹ̀lé e káàkiri. Jímọ̀ náà wá wò wá. Ó wá pẹ̀lú ìjà lẹ́nu, ó bi Àwáwù pé màlúù mélòó ló ní. Ó ní méjì, ọ̀kan sì yarọ. Jímọ̀ ka àwọn tó wọ oko rẹ̀ lọ́kàn, kò rí bí màlúù méjì, tí ọ̀kan tún yarọ, ṣe lè jẹ oko náà tán. Ó jókòó, ó jẹ wàrà mẹ́ta. Kò tíì dárí ji àwọn tó ni màlúù ìjọ́sí, n kò sì ní kó dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ń pe obìnrin yìí lórúkọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìkíni. Mo sọ fún àwọn ará ọjà pé n kò rí nǹkan kí oníwàrà, ó di àríyànjiyàn. Ẹnì kan ní kí á máa kí i pé ẹ kú màlúù, a ní ṣé ẹnì kan sọ pé màlúù kú ni? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi fà á. Ní ọjọ́ kẹrin, ní kùtùkùtù, Mùtíátù yìí kan náà ń gbé ẹ̀pà rẹ̀ kọjá, ó rí Àwáwù tó ń sọ igbá kalẹ̀. Kò dúró, kò wẹ̀yìn, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá tó bí i lọ́mọ ló kọ́ ọ: 'Àfúnkún o!' Ó yé gbogbo wa. Ẹni tó bá fún wàrà, kí igbá rẹ̀ kún, ẹni tó bá sì fún ènìyàn ní nǹkan, kí tirẹ̀ kún. Àwáwù ronú díẹ̀, ó dáhùn pé, 'Igbá á kún kárí o!' Bí a ṣe ń kí i títí dòní nìyẹn. Bí o bá bi Mùtíátù, yóò ní ẹnu òun ló ṣèèṣì.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti kó gbogbo èpè mi kúrò lórí àwọn òyìnbó rẹ, ṣùgbọ́n má dáhùn Wíní mọ́. Bí wọ́n bá pe Wíní, bojú wẹ̀yìn, kí o máa wá ẹni tí wọ́n ń pè. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwáwù kò bú mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn tó wò yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ní ti màmá tí kò fẹ́ ọwọ́ dúdú, máa bu tíì náà. Bí kò bá gbà á, mu ún fúnra rẹ, ṣebí òtútù ń mú ìwọ náà.

Bá mi kí Akínkúnlé, kó má gbé ẹrù wúwo. Sọ fún Ayọ̀tọ́lá pé ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́ kò tíì rọ. Jímọ̀ kí yín, Ràmọ́nì kí yín, ó ní òun ń hun nǹkan kan fún ọ, mo sì ti rí i dájú pé òwú rẹ̀ kò rùn.

Àwáwù ló jókòó sísàlẹ̀ níbi tí mo ti ń kọ èyí. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun ni. Kò bi mí pé kí ni o máa fi ránṣẹ́ sílé. Orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ó bèèrè iṣẹ́ rẹ. Mo ní arúgbó ni o ń tọ́jú, arúgbó àwọn ẹlòmíràn. Ó ní báwo la ṣe ń kí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní a kò ní ìkíni fún un. Ó ń rò ó, ó ta wàrà fún ènìyàn méjì kó tó gbé orí sókè. Ó ní ẹni tó ń tọ́ arúgbó, kí òun náà gbó, kí òun náà tọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí, kí n má fò ó: Àtọ́gbó o, Wùnmí!

Bí o bá ti kà á débí, dáhùn sókè níbi tí o wà. A ó gbọ́ ọ ní ìsọ̀ kẹtàlá.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní gbàgbé orúkọ rẹ,
                                        Àwáwù (ti òwú o, kì í ṣe ti wàrà).